Owó Tí Kì í Ka Abọ́ Ilé Ẹni

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí alábẹ̀wò ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ máa wá ni Betsan Prydderch bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé ara rẹ̀ palẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ pé olè ń bọ̀. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1913 ni, yìnyín ṣì funfun lórí gbogbo òrùlé abúlé Bryn Eithin. Ó ti di abọ́ aláwọ̀ búlúù tí ìyá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ, ó fi ìborùn dúdú bò wọ́n, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Lowri aládùúgbò rẹ̀. Ó ti gbé aago kúrò lára ògiri. Ohun tó kù tó ń wò ó níran ni kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.

Ifor ọkọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń wò ó. Láti kékeré ló ti ń la òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé ní kúárì, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta, eruku òkúta náà sì ti di ẹrù sí i láyà. Bó bá rìn dé ẹnu ọ̀nà, á fọwọ́ ti ògiri kó tó lè mí.

Lóòótọ́, òfin tuntun ti dé láti London. Láti ìgbà ooru ni wọ́n ti ń yọ tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀ nínú owó ọ̀sẹ̀ Ifor, ọ̀gá kúárì ń fi díẹ̀ sí i, ìjọba náà ń fi díẹ̀ sí i, pé ẹni tí àìsàn bá dá dúbúlẹ̀ á máa gba nǹkan lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n irú alábẹ̀wò kan ṣoṣo ni Ifor mọ̀ láyé rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ọkùnrin tó ń pín owó aláìní wá, ó ṣí ìdérí ìkòkò wọn, ó tẹ bẹ́ẹ̀dì wò, ó wá na ìka sí àga ìyá rẹ̀. "Ẹ ṣì ní àga tó dára. Ẹ lọ tà á ná." Ọmọdé ni Ifor, etí aṣọ ìyá rẹ̀ ló dì mú. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí rẹ̀ mọ́.

"Fi kọ́bọ́ọ̀dù yẹn sílẹ̀, Betsan."

"Kí wọ́n lè ní ká tà á? Inú ilé Lowri ló ń lọ."

"Ìwọ nìkan? O ti di ẹṣin ni?"

"Lowri ń bọ̀ wá bá mi gbé e. Dùbúlẹ̀ jàre."

"Lowri! Ẹnu ẹ̀ nìkan ló lágbára."

Kí Betsan tó yíjú padà, ọkọ rẹ̀ ti dìde, ó ti gbá apá kan kọ́bọ́ọ̀dù mú. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u, kò gbọ́. Wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ló há sí, ikọ́ sì dé. Ibi tí Ifor ti tẹ̀ ba lé kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, tó ń wúkọ́ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ já, ni Edmwnd Parri bá a. Edmwnd ti bá a jókòó la òkúta rí. Òun gan-an ni alábẹ̀wò.

"Àlàáfíà fún ilé yìí," ló ní, ó ṣí fìlà. Ó wá pariwo: "Ifor! Kí lò ń ṣe?"

"Kì í ṣe tiwa o, Ọ̀gbẹ́ni Parri," ni Betsan yára wí. "Ti Lowri ni. À ń dá a padà ni."

"Ìyàwó Ifor, ọjọ́ ìgbéyàwó yín ni mo ti mọ kọ́bọ́ọ̀dù yìí. Èmi wà lára àwọn tó gbé e wọlé." Ó mú Ifor lápá, ó dá a padà sórí ibùsùn, ó fi aṣọ bò ó dé ọrùn. "Ta ló béèrè kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yín? Bí ẹ bá ní mẹ́wàá, owó Ifor lowó Ifor. Owó aláìní ló máa ń kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílé ẹni. Tiwa yìí, àjọ ni. Ṣé o dá a? O dá a. Ṣé ara ẹ ò yá? Dókítà ti fọwọ́ sí i. Ó parí."

Betsan fìdí lélẹ̀ lórí àpótí. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Edmwnd ò rẹ́rìn-ín.

"Ohun kan ni òfin ẹgbẹ́ kọ̀," ló ní, ó ń yí fìlà lọ́wọ́. "Ẹni tó ń gba owó àìsàn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á dá owó ẹ̀ dúró. Ẹrù ni mo sì bá lọ́wọ́ ẹ. Mo ní láti sọ ọ́ nípàdé lọ́la. Bí mi ò bá sọ ọ́, Lowri á bá mi sọ ọ́, ó ti yọjú lójú fèrèsé."

"Kí wọ́n máa mú owó wọn lọ," ni Ifor fi ohùn tín-ín-rín wí. "Lọ́jọ́ Ajé, mò ń gun òkè lọ sí kúárì."

"Ìwọ tí o ò lè gun àtẹ̀gùn?"

"Mi ò ní jẹ́ ká gba owó aláìní, kí ẹnikẹ́ni wá ṣí ìkòkò rẹ wò, Betsan."

Betsan mọ̀ pé yóò lọ lóòótọ́, ó sì mọ̀ pé kò ní padà wálé láàyè. Ìdí nìyẹn tó fi wọ aṣọ ìsìn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tó dé àkẹtẹ̀ rẹ̀, tó sì wọ inú yàrá ẹ̀yìn ilé ìsìn tí ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé. Obìnrin kan kò wọ ibẹ̀ rí, àyàfi láti gbálẹ̀. Àwọn ọkùnrin yíjú. Tudur Bebb, alága, ọkùnrin kúkúrú oníirùngbọ̀n funfun, ní kó padà sílé.

"N óò padà sílé, Alága, tí mo bá sọ̀rọ̀ tán. Ọkọ mi kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù ló bà á. Ó rò pé ẹ̀yin ni àwọn tó wá bá ìyá ẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹrù kíkó. Bí ẹnì kan bá máa jìyà, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gun òkè yẹn."

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ní kí ìyá tèmi tà." Òmíràn ní: "Tiwa, Bíbélì ńlá ni." Edmwnd Parri alára dorí kodò, kò sì sọ ohun tí wọ́n gbà nílé tiwọn.

Tudur Bebb nu awò ojú rẹ̀ títí. "Ẹni tó ń gbẹ́rù sá kúrò nínú iná," ló ní, "a kì í sọ pé alábàárù ni. Ẹ san owó ọkùnrin náà. Ìyàwó Ifor, ẹ lọ bá ọkọ yín, ẹ ní kó dùbúlẹ̀. Ẹgbẹ́ ló pa á láṣẹ."

Ní ọjọ́ kejì, Edmwnd mú owó náà wá, ṣílè mẹ́wàá, ó kà á sínú àtẹ́lẹwọ́ Ifor. Ifor wò ó pẹ́.

"Ta ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Ìyá mi máa ń kúnlẹ̀ ni."

"Kò sẹ́nì kankan, ọ̀rẹ́ mi. Tìẹ ni."

Ifor yíjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, Betsan sì mọ̀ pé kì í ṣe ikọ́. Ó gun orí ibùsùn lọ́sàn-án gangan lójú Edmwnd Parri, ó di ọkọ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, ojú kò sì tì í.

Ifor kò gun òkè yẹn mọ́. Ó lo ìyókù ọjọ́ rẹ̀ nínú ooru ààrò, ó ń jẹ ọ̀dùnkún àti wàrà, ó ń fi Lowri ṣe yẹ̀yẹ́, títí ọlọ́jọ́ fi dé nígbà tí àwọn àgùntàn ń bímọ lórí òkè. Òfin tuntun yẹn kò tíì rántí àwọn opó, Betsan sì padà sídìí aṣọ fífọ̀ fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé irú ikú wo ló pa ọkọ rẹ̀, kì í dárúkọ eruku. Á na ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti ń tẹ̀, á ní: "Orí ibùsùn ẹ̀ ló kú sí, owó ara ẹ̀ ló sì ń jẹ."