Ìyá Tó Ń Fẹ́ Atẹ́gùn sí Kúlúsúmù Láyà

Òjò ti ń rọ̀ ní Douala láti àárọ̀, àmọ́ ìró ìyá àgbà tó wọlé náà gbẹ táútáú. Mùíbì rí i, kò sì fi ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti jókòó ti Kúlúsúmù ìyàwó rẹ̀ nílé ìwòsàn. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín oorun àti àìsùn mọ́.

Àìsàn ọkàn ló gbé Kúlúsúmù dè. Wọ́n ti ki ọ̀pá rọ́bà tín-ínrín kan bọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó gba inú ọkàn kọjá, ó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àpò atẹ́gùn kékeré kan tí kò ju ẹ̀wà lọ wà lórí rẹ̀. Àwọn dókítà á fẹ́ ẹ, wọ́n á yẹ ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ lójú ẹ̀rọ wò, wọ́n á tú atẹ́gùn náà kíá.

“Papa,” Dókítà François ti kìlọ̀ fún Mùíbì, “tí ẹ bá rí i tí ìlà yìí tẹ́, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì fọwọ́ kan nǹkan, ẹ pariwo. Iṣan lè já nínú ẹ̀dọ̀fóró.”

Ẹ̀rín ni Kúlúsúmù fi ṣe. “Bàbá Àmírát, wọ́n ti so mí lọ́rùn bí àgbò iléyá. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọdún ò tíì tó.”

“Àgbò wo ló lẹ́nu tó báyìí?”

Ó rẹ́rìn-ín títí oorun fi gbé e lọ. Ìgbà náà ni ìyá àgbà wọlé.

“O kú ìtọ́jú rẹ̀ o,” ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

Mùíbì rò pé ọ̀kan nínú àwọn ìyá Yorùbá tó ń gbé ní àdúgbò Madagascar nínú ìlú náà ni. Ó tẹríba, ó fọwọ́ kanlẹ̀, ó dìde fún un lórí àga.

Ìyá náà tẹ̀ sórí àyà Kúlúsúmù, ó ń fẹ́ ẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ìyá ṣe ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fọ́mọ.

“Ó gbóná,” ló wí. “Mo fẹ́ kó tutù.”

“Ẹ ṣé, màmá.”

Òórùn òrí gba yàrá. Ìyá náà fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlà ojú ẹ̀rọ rọra wálẹ̀, ó tẹ́.

Mùíbì rí i. Ó la ẹnu.

Ìyá náà ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. “Má jí i. Ó ti pẹ́ tó ti sùn báyìí.”

Báwo lèèyàn ṣe ń pariwo lé àgbà lórí, àgbà tó wá kí aláìsàn ẹni? Mùíbì pa ẹnu dé. Ó rò ó pé ìyá náà yóò dáwọ́ dúró láìpẹ́. Gbogbo yàrá dà bí ohun tí a ń wò láti abẹ́ omi. Kúlúsúmù ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lójú oorun.

Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ pupa yòò bo ìrọ̀rí.

“Dókítà! Dókítà o!”

Wọ́n sáré dé. Wọ́n fa ọ̀pá náà sẹ́yìn, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ dá a dùbúlẹ̀, wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Àga ìyá àgbà náà ti ṣófo. Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, Kúlúsúmù ti lọ.

“Papa, ó tó ìgbà wo tí ìlà náà ti tẹ́?” François bi í.

Mùíbì wolẹ̀. “Mi ò rí i.”

Àwọn obìnrin ló wọlé láti wẹ òkú. Hamidah, tí òun àti Kúlúsúmù jọ dàgbà ní Ṣakí, ló kọ́kọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbẹ.

“Bàbá Àmírát, ìdì mẹ́ta tí à ń di irun òkú obìnrin, a bá a lórí rẹ̀. A ò tíì bu omi.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi dì í. Ìyá rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tó ń fi òsì dirun, ó sì ti kú kí ẹ tó fẹ́ Kúlúsúmù.”

Mùíbì fara ti ògiri.

“Ìyá kì í mú ọmọ kúrò nílé ọkọ láìbá ọkọ sọ̀rọ̀,” Hamidah wí, ó ń wò ó lójú. “Kí lẹ dá a lóhùn?”