Iná Tó Gba Abẹ́ Ilẹ̀ Rìn ní Niger Street

Ẹni tó bá ti jẹun rí ní ilé oúnjẹ Àbíkẹ́, ní Niger Street ní Sabon Gari nílùú Kano, kò ní béèrè kùkùté tí à ń sọ. Á ti kọsẹ̀ lára rẹ̀ rí.

Àárín àgbàlá gan-an ni kùkùté náà wà. Dóńgóyárò kan ló kú síbẹ̀ lórí ìdúró. Àwọn kan gbé àáké wá, wọ́n gé e, wọ́n kó igi lọ, wọ́n fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí oníbàárà bá gbé àwo ìrẹsì lọ síbi tó fẹ́ jókòó, ojú á wà lára ẹran, ẹsẹ̀ á lọ bá kùkùté, ẹran á sì di ti ológbò.

"Ológbò àgbàlá yìí ti sanra ju èmi tí mò ń se ẹran náà lọ," ni Susanna máa ń wí. Òun ló ń bá Àbíkẹ́ dáná. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó mọ iṣẹ́ igi. Mo mọ obìnrin kan ní Kọ́tásì Rélùwéè."

"Obìnrin? Tó ń hú kùkùté?" Àbíkẹ́ gbé ṣíbí sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ṣàjèjì báyìí, kì í lè fi sílẹ̀ láìfojú rí i. "Pè é wá! Mo fẹ́ wò ó."

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dé ní ọjọ́ kejì. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, akoto lórí híjáàbù, búùtù ńlá lẹ́sẹ̀. Àbíkẹ́ kí i tán, ó wá ń yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọ̀gá yín dà?"

"Èmi ni ọ̀gá, mà. Ròdíyátù ni orúkọ mi."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tún bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀, igbá àyà bí ilẹ̀kùn. Ojú Àbíkẹ́ tàn. "Ẹ̀hẹ́n! Ọ̀gá gan-an ti dé."

Ọkùnrin fìrìgbọ̀n náà tẹrí ba fún Ròdíyátù. "Ọ̀gá, ṣé kí n gbé díígà sílẹ̀?"

"Má tíì gbé e," ni Ròdíyátù dáhùn.

Dípò díígà, ìbéèrè ló gbé kalẹ̀. Kí ló pa igi náà? Ibo ni páìpù omi gbà wọlé? Ṣé wáyà iná kankan gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá? Ta ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn? Yàrá yìí ńkọ́, kí ló wà nínú rẹ̀?

"Ìjọ aláṣọ funfun ló wà lẹ́yìn ògiri. Yàrá yẹn, sítọ́ọ̀ mi ni, ibẹ̀ ni mò ń kó sílíńdà gáàsì sí, mẹ́fà." Ara Àbíkẹ́ ti ń gbóná díẹ̀díẹ̀. "Haba! Ṣé kùkùté lo wá hú ni, àbí ìyàwó lo wá tọrọ? Ó kù kí o béèrè orúkọ ìyá tó bí mi."

Ròdíyátù rẹ́rìn-ín. "Mà, èyí tí ẹ̀ ń rí lókè yìí kéré nínú igi náà. Èyí tó pọ̀ jù wà lábẹ́ ilẹ̀, a ò sì mọ ibi tó nà dé. A máa rọra gbẹ́ àyíká rẹ̀, ká wá páìpù, ká wá wáyà, ká tó máa gé gbòǹgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà, ẹ sì máa ti àgbàlá yìí pa."

"Ọjọ́ méjì! Kí àwọn oníbàárà mi máa lọ jẹun ní Enugu Road, kí wọ́n má wá padà mọ́?" Àbíkẹ́ na ọwọ́ sí géètì. "Sai anjima, ó dàbọ̀ ná, ọ̀gá obìnrin. Jẹ́ kí n lọ rò ó."

Kò rò ó. Ohun tó rò ni pé ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí òun ti ń dáná ní Kano. Igi ni kùkùté, iná sì ni iṣẹ́ òun. Kí ni wọ́n tún wá ń wá alákoto kiri fún?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ààrò onírin lé orí kùkùté, ó ṣáná sí ìdí rẹ̀, ó gbé ìkòkò ìrẹsì tó tóbi jù kà á.

"Àǹtí, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

"Susanna, wo ọpọlọ! Ìrẹsì á máa jinná, kùkùté á máa jó. Nígbà tí a bá tà á tán, kùkùté náà á ti tán. Ta ló ti àgbàlá pa?"

Susanna wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Kò rí àbùkù kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni wọ́n fi dáná lórí kùkùté. Bàbá Oyèyẹmí, àgbà kan nínú ìjọ aláṣọ funfun tó wà lẹ́yìn ògiri, ló máa ń kọ́kọ́ dé lójoojúmọ́. "Àbíkẹ́, ìrẹsì yìí tún ń ta sánsán sí i! Kí lo fi sí i?"

"Àṣírí iṣẹ́ ni, Bàbá."

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, kò sí kùkùté mọ́. Kòtò eérú ló kù. Àbíkẹ́ da omi garawa kan sí i, ó kó yanrìn bò ó, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì jó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdùnnú náà pọ̀ débi pé ó tẹ Ròdíyátù láago.

"Ọmọ mi, má ṣe ìyọnu mọ́ o. Mo ti jó o tán."

"Ẹ dáná sun ún, mà? Gbòǹgbò rẹ̀ ńkọ́?"

"Gbòǹgbò wo? Mo ní ó ti tán!" Ó pa fóònù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn aláṣọ funfun ń gbàdúrà nínú àgbàlá tiwọn, gbogbo wọn láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ìdí ògiri, níbi tí òjìji wà, ni Bàbá Oyèyẹmí máa ń dúró sí. Gbogbo ìjọ ló sì mọ̀ pé bí àdúrà bá ti gùn, Bàbá á ti sùn lórí ìdúró.

Lọ́jọ́ yìí, Bàbá fò sókè lójijì. "Yéè!"

"Halleluyah!" ni ìjọ dá a lóhùn.

Bàbá tún fò, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé tòsì. Agogo dún. Àwọn ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í fò pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá sá lọ síwájú, àwọn ọ̀dọ́ sá tẹ̀ lé e, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá! Kí lẹ rí?"

"N ò rí nǹkan kan! Ilẹ̀ ló jó mi lẹ́sẹ̀!"

"Àmín!"

"Mo ní iná ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀!"

"Halleluyah!"

Bàbá bá jókòó pẹ̀ẹ́, ó na àtẹ́lẹsẹ̀ sí wọn. Ó ti lé ròrò. Agogo dákẹ́. Ìgbà yẹn ni gbogbo wọn wá rí i: èéfín tín-ínrín kan ń jáde látinú yanrìn ní ìdí ògiri, bí ẹni pé ẹnì kan ń mu sìgá lábẹ́ ilẹ̀.

Ariwo yìí ti gbé Àbíkẹ́ gun àpótí láti yọjú. Ohun tó ń retí ni kí Wòlíì Ṣótúndé, olórí ìjọ náà, ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Wòlíì ò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ bọ́ sẹ́yìn, gbogbo yín! Ẹnì kan gbé Bàbá, kí ẹ máa bu omi tútù sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ká gbé e lọ sí ọsibítù. Iná lásán lèyí, kò sí ìran kankan níbẹ̀." Ó gbójú sókè, ó rí orí Àbíkẹ́ lórí ògiri. "Màmá olóúnjẹ, kí lẹ̀ ń sè lábẹ́ ilẹ̀?"

"Èmi kẹ̀? Iná tèmi ti kú láti ọjọ́ Jímọ̀! Ẹ lọ wo tùràrí yín."

"Tùràrí kì í hù látinú yanrìn, mà."

Àbíkẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń rìn ín lára. Iná tó ti kú, báwo ló ṣe máa jí lẹ́yìn ògiri? Ó bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀, bó ṣe máa ń kan ọmọrí ìkòkò wò. Orí kòtò eérú gbóná. Ó tọ ibi tó gbóná lọ, ó bá a dé ìdí ògiri ìjọ. Lóòótọ́ ni.

Ó padà sídìí kòtò. Ó tún kan ilẹ̀. Ọ̀nà kejì tún wà! Ó tẹ orí ba, ó ń fi ọwọ́ wá a lọ: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ níbí, ó gbóná níbí, ó tún gbóná jù níbí, títí tí iwájú orí rẹ̀ fi gbá nǹkan, gbàà!

Ó gbójú sókè. Ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ ni.

"Susanna," ó ní. "Pe ọmọbìnrin Rélùwéè yẹn."

Ròdíyátù kò bá a wí, kò sì béèrè ohunkóhun ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé àwọn sílíńdà yẹn ṣì wà níbẹ̀? Kai! Ẹ kó gbogbo èèyàn jáde sí títì, mà, ti ìjọ náà. Ẹ má ṣí sítọ́ọ̀. Ẹ má gbẹ́ ibẹ̀, ẹ má ṣáná, ẹ má tan iná mànàmáná. Ẹ pe panápaná báyìí. Mò ń bọ̀."

Ìjọ aláṣọ funfun àti àwọn tó wá jẹ ìrẹsì dúró pọ̀ ní títì. Ni Susanna bá ké, "Yéè, sílíńdà wa!" ó sì yí padà kó sáré wọlé. Àbíkẹ́ fà á ní ìró.

"Àǹtí, méjì nínú rẹ̀, tuntun ni!"

"Ìwọ náà, ṣé àlòkù ni ọ́? Dúró síbí!"

Àwọn panápaná dé. Wọ́n ṣí sítọ́ọ̀ bó ṣe yẹ, wọ́n gbé sílíńdà jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbé ìkẹfà jáde gbé e jìnnà sí èèyàn, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Ó mi orí. "Ìdí èyí ti ń gbóná."

Ilẹ̀ títì ni Àbíkẹ́ jókòó sí.

Nígbà tí ewu sílíńdà ti kúrò, Ròdíyátù àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ya yàrà láti ìdí kòtò. Gbòǹgbò kan tó tó apá géńdé ni wọ́n bá. Ikán ti jẹ inú rẹ̀, ó ti di ihò bíi páìpù, ẹyin iná sì ń pọ́n nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé abẹ́ símẹ́ńtì sítọ́ọ̀. Èyí tó lọ sọ́dọ̀ ìjọ náà rí bẹ́ẹ̀. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí ìdí kùkùté ni páìpù omi wà. Wáyà tó ń gbé iná lọ sí ìjọ náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ká ní ẹnì kan ti ju díígà síbẹ̀ láìwòye, ìtàn mìíràn la bá máa sọ.

Àwọn panápaná ń fi omi pa á láti òpin dé òpin. Àbíkẹ́ sún mọ́ Ròdíyátù.

"Ọmọ mi, nǹkan kan ò yé mi. Mo da omi sí i. Mo bò ó mọ́lẹ̀. Báwo ló ṣe rìn?"

"Mà, ẹ̀yin ni alásè. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹyin iná tí ẹ fi dáná lónìí ṣì wà dọ̀la, kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

"Mo máa ń fi eérú bò ó mọ́..." Àbíkẹ́ wo kòtò, ó wo yanrìn tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. "Áà! Èmi ni mo tọ́jú iná náà!"

"Ẹ̀yin ni, mà. Omi yẹn ò dé inú gbòǹgbò. Yanrìn yẹn ló wá ń bá a ṣọ́ ooru rẹ̀."

Ọjọ́ méjì tí Àbíkẹ́ kò fẹ́ ti àgbàlá di ọjọ́ mọ́kànlá. Wọ́n fọ́ ilẹ̀ sítọ́ọ̀, wọ́n hú gbòǹgbò tó kù pátá, wọ́n tún símẹ́ńtì dà. Oṣù kan ni Bàbá Oyèyẹmí fi ń lọ wẹ ọgbẹ́ ní ọsibítù, Àbíkẹ́ ló sì ń mú un lọ. Kò sí ẹni tó kú. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí Àbíkẹ́ máa ń kọ́kọ́ sọ bí ẹnikẹ́ni bá béèrè.

Ẹ̀yin ará wa, bóyá igi kan ń fì lé òrùlé yín, tàbí kùkùté kan wà lágbàlá tí ẹ̀ ń rò bí ẹ ó ṣe yọ ọ́. Ẹ wá ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà. Bó bá dé, ẹ wo ohun tó gbé wá: akoto, ìbọ̀wọ́, búùtù, okùn tó yi. Ẹ béèrè ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí, kí ẹ lọ wò ó. Ẹni tó wo igi lẹ́ẹ̀kan tó sì gbé àáké sókè, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa lọ. Ẹni tó ń béèrè páìpù, wáyà àti aládùúgbò, ẹ fún un ní àga, ẹ dá a lóhùn gbogbo rẹ̀. Bí ẹ̀ka igi bá sún mọ́ wáyà iná ìjọba, àwọn onímànàmáná ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa iná kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí gbòǹgbò kò mọ ààlà ilé. Ẹ má so kùkùté mọ́ ọkọ̀ fà. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i. Ẹ má sì dáná sun ún láéláé, pàápàá ní ilẹ̀ oníyanrìn àti nígbà ọyẹ́, tí gbogbo nǹkan ti gbẹ.

Bí èéfín bá ń jáde látinú ilẹ̀, tàbí tí ilẹ̀ ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ má ṣe bíi ti Àbíkẹ́ tó ń fọwọ́ wá ibi tó dé. Ẹ jáde ná, ẹ kó èèyàn jáde, ẹ pe panápaná. Ẹ ó ráyè béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀ nígbà tí gbogbo yín bá ti wà ní títì láàyè.