Ọrùn Tó Kọjú sí Òsì

Télọ̀ ni dókítà gún lábẹ́rẹ́ lọ́rùn, onífọ́tò tó sìn ín lọ ló dákú, kí ọdún yẹn sì tó parí, àwọn méjèèjì ti fẹ́ra.

Fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ló gbé télọ̀ dé ìsọ̀ onífọ́tò. Ó jókòó sórí àpótí, ó kọjú sí ògiri òsì bí ẹni tí ògiri jẹ lówó.

"Ẹ wo iwájú, mà."

"Iwájú tèmi nìyí. Ọdún mẹ́fà ni iṣan ọrùn mi ti ń fà mí síbẹ̀, ó sì ń dùn mí. Ẹ yà mí bẹ́ẹ̀."

Onífọ́tò kò jiyàn. Ó di àpótí mú, ó yí i tòun ti ẹni tó jókòó lé e, títí ojú fi kan kámẹ́rà. Nínú fọ́tò náà, ojú dúró, èjìká ń lọ sílé. Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ọrùn fi ro ó.

Láti ọjọ́ yẹn ni onífọ́tò ti ń gbé ṣòkòtò wá pé kí ó bá òun gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbé ọ̀kan náà dé lẹ́ẹ̀kẹta, télọ̀ nà án sókè.

"Bí mo bá tún gé èyí, pátá ló máa dà."

"Gé e, olólùfẹ́. Ojú rẹ dà bí òṣùpá."

"Ọrùn kì í dun òṣùpá. Sọ ohun tó o fẹ́."

"Ìwọ ni mo fẹ́."

"Èyí yé mi."

Ìyá onífọ́tò ni kò yé. Télọ̀ kí i tán, ojú rẹ̀ wà lójú fèrèsé.

"Ta lò ń kí, èmi àbí fèrèsé?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ọrùn mi ló ń fà."

"Ọmọ tó ń gbójú sá fún àgbà, nǹkan wà níkùn rẹ̀. Ọjọ́ tó o bá lè wò mí lójú, kó o padà wá."

Ni wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Dókítà kò fi bò: "Májèlé ni oògùn inú abẹ́rẹ́ yìí. Kòkòrò tó máa ń wà nínú oúnjẹ tó bà jẹ́ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bíńtín ni màá lò, iṣan tó le á dẹ̀. Tó bá tó oṣù mẹ́ta, á tán lára, a ó tún gún òmíràn."

"Má fòyà, ọkàn mi," ni onífọ́tò wí. "Mo dúró gbọin lẹ́yìn rẹ."

Abẹ́rẹ́ wọlé, télọ̀ gbọ́ gbì lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ìsàlẹ̀, ó ní, "Èwo gan-an ni aláìsàn nínú yín?"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, iṣan dẹ̀, ìrora fò lọ. Télọ̀ yíjú sọ́tùn-ún, ó rí i pé alágbàfọ̀ tí ìsọ̀ wọn jọ fara kanra ti hu ewú.

"Ó yá, ká lọ bá màmá mi," ni onífọ́tò wí.

"Rárá. Ọrùn àyálò nìyí. Tó bá tún le nígbà tí mo ti di ìyàwó, wọ́n á ní mo tan àwọn jẹ. Èyí tí wọ́n lé ni kí wọ́n gbà."

Onífọ́tò bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Télọ̀ jẹ́ kí oṣù mẹ́ta pé, kò padà sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí ọrùn ti fà á padà sí òsì, ó lọ kí ìyá.

"O tún ti ń wo fèrèsé."

"Abẹ́rẹ́ kan ń mú un tọ́, mà. Mo gbà á, ó ti tán. Mo ní kẹ́ ẹ rí mi bí mo ṣe ń rí tó bá tán."

"Ṣé ó ń dùn ọ́ báyìí?"

"Gan-an ni."

"O wá mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ̀rora nítorí mi?"

"Nítorí ọmọ yín ni, mà. Ẹ̀yin kọ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá. Ó dìde, ó wọ́ àga rẹ̀ gbuurugbu dé abẹ́ fèrèsé, ó jókòó síwájú ojú télọ̀.

"Mo ti rí ọ, ìyàwó mi. Lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ lọ́la."

Wọ́n ṣègbéyàwó. Ìyá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àga náà padà, ó ní òun kò mọ ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ ìyàwó òun máa tán. Ẹ̀yìn àga náà sì ni tẹlifíṣọ̀n wà. Alaalẹ́ ni ìyá ń lọ́ ọrùn wò ó. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ó pe télọ̀ sí kọ̀rọ̀, ó fọwọ́ di ọrùn ara rẹ̀ mú, ó bi í bóyá dókítà yẹn ń gún àgbàlagbà.