Nilda Sọ̀ Kalẹ̀ Kí Ó Lè Gòkè

Ọjọ́ tí ìròyìn dé sí Cerro de Pasco, ìlú orí òkè gíga, pé ibi ìwakùsà ń wá awakọ̀, tí wọn yóò sì gba obìnrin, Nilda Huaynate wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti dá a padà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ki jù. Ohun kan náà ni wọ́n ti sọ fún bàbá rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní ibi ìwakùsà náà títí ẹ̀jẹ̀ fi dì sí i lọ́pọlọ, tó sì kú lọ́dún tó kọjá.

"Òkè gíga yìí ló fà á," ni dókítà wí. "Lọ gbé ìsàlẹ̀ fún oṣù méjì, kí o sì padà wá. Wọn ò tíì ní parí ìgbanisíṣẹ́."

Bó ṣe jáde, ó rí ọkùnrin gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó kún fún ọsàn. Ó di táyà mú bí ọmọ tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, ó ń bì. Nígbà tó gbójú sókè tó rí i, ẹ̀rín ló rín.

"Ẹ má bínú. Afẹ́fẹ́ yín ló kéré. Huánuco ni mo ti ń bọ̀."

"Ará ìsàlẹ̀," ni Nilda wí. "Ẹ̀jẹ̀ tìẹ ṣàn jù, tèmi ki jù."

"Ká kúkú pò wọ́n pọ̀."

"Kọ́kọ́ nu ẹnu rẹ ná."

Wilder Tarazona lorúkọ rẹ̀. Kí wọ́n tó kó ọsàn kúrò nínú ọkọ̀ náà tán, ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti gbọ́ pé Nilda ní àǹtí ní Huánuco.

"Mò ń padà lọ́sàn-án yìí. Ṣé o mọ ọkọ̀ wà?"

"Mo mọ kékeré wà."

"Wàá mọ ńlá."

Eusebia, ìyá Nilda, dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Òkè yìí ló pa bàbá rẹ. Ṣé ìwọ náà fẹ́ lọ bá a ni?"

"Màmá, mò ń sọ̀ kalẹ̀ ni."

"Kí o lè gòkè padà." Kò sin wọ́n dé ọkọ̀.

Ilé àǹtí rẹ̀ ní Huánuco ni Nilda dé sí. Nígbàkúùgbà tí Wilder bá ń lọ kó ọsàn ní Tingo María, Nilda ló ń wa ọkọ̀ bọ̀, lójú ọ̀nà tó lọ́ bí ejò.

"Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì," ni Wilder máa ń wí. "Fi jíà kékeré sí i kí o tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí bíréèkì bá gbóná tán, àdúrà ló kù."

"Ìwọ náà kúkú ti ń gbà á. Mò ń rí ètè rẹ."

Àwọn kan máa ń lọ fa ẹ̀jẹ̀ dànù nígbà tí àyẹ̀wò bá ku ọ̀la, kí èyí tó kù má bàa ki. Àǹtí rẹ̀ mẹ́nu kàn án, ṣùgbọ́n Nilda kọ̀. "Bí mo bá rẹ́ wọn jẹ, ara mi ni mo rẹ́ jẹ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó létí odò Huallaga, wọ́n ń mu ọsàn.

"Bí wọ́n bá gbà ọ́, mo pàdánù rẹ," ni Wilder wí.

"Bí wọn ò bá gbà mí ńkọ́?"

"Mo pàdánù rẹ náà nìyẹn. Mo máa ń bá ọ sọ̀rọ̀, o máa ń wo òkè." Ó bó ọsàn mìíràn fún un. "Èmi ni màá gbé ọ lọ, ayọ̀ mi."

Nígbà tí oṣù méjì pé, ẹ̀jẹ̀ Nilda tẹ́ dókítà lọ́rùn. Ní ibi ìwakùsà, ọ̀gá kan gbé ọkọ̀ tó kún fún òkúta lé e lọ́wọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nilda ti bọ́ sí jíà kékeré kí ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, kò sì gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹnìkan tó máa ń bì," ni Nilda wí. Wọ́n gbà á.

Eusebia kò yọ̀ nígbà tó gbọ́ pé wọ́n gba Nilda síṣẹ́, tí Wilder sì fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó wo Wilder, tó fara ti ògiri, tí ojú rẹ̀ ń pòòyì, ó sì gbé tíì ewé koka, tó ń dá èébì òkè dúró, fún un.

"Ìwọ tí o kò lè dúró lókè yìí, báwo lo ṣe fẹ́ fẹ́ ẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ kan sinmi. Gbogbo ìsinmi rẹ̀, ọkọ̀ mi á wà lẹ́nu géètì. Ìsàlẹ̀, nílé wa, ni yóò ti máa sinmi."

Ìyá náà fa àga, ó jókòó. "Bàbá rẹ̀ kò sinmi rí. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ló fi gbogbo ìsinmi rẹ̀ ṣe. Nilda, ṣé wàá máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sinmi?"

"Màá máa lọ, Màmá."

"Ó dára. Mu tíì yẹn, àna mi, kí o má bì sílé mi."

Huánuco ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, kí ọkọ ìyàwó lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ tí Nilda ń gòkè lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ní kí Wilder dúró níbi tí ọ̀nà ti ga jù, níbi òkìtì òkúta tí àwọn arìnrìn-àjò ń kó jọ láti fi bu ọlá fún òkè náà. Ó mú òkúta odò Huallaga kan tó ń dán jáde nínú àpò. Bàbá rẹ̀ kò fojú kan odò náà rí. Nilda gbé e sórí òkìtì fún un, ó sì fi òkúta wẹ́wẹ́ há a ní ẹ̀gbẹ́, kí ó má bàa yí kúrò.