Okùn Pupa Ẹnu Ọgbà Ewúrẹ́ Hàjàrá

Ewúrẹ́ mọ́kànlá ló wà nínú ọgbà ẹran Hàjàrá ní Erunmu kí ikọ́ tó wọlé. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, méjì ti kú, imú àwọn mìíràn sì ń dà.

Fọlájìmí, dókítà ẹran tí ìjọba rán wá, fún wọn lóògùn, ó sì fi okùn pupa di ẹnu ọgbà náà.

“Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ọ̀kankan jáde títí n ó fi padà wá yẹ̀ wọ́n wò,” ló wí. “Àìsàn yìí a máa ràn bí iná ọyẹ́.”

Àmọ́ ọkàn Hàjàrá kò balẹ̀. Bí ikú bá wọ ọgbà láyé ìyá ọkọ rẹ̀, ńṣe ni ìyá àgbà máa ń pín ẹran tó kù sílé àwọn ẹbí, kí wọ́n má baà kú tán lójú kan. Ọgbọ́n tó bá nílé nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó tú okùn náà, ó fa abo mẹ́ta tó dà bíi pé ara wọn dá, ó forí lé ibùdókọ̀. Ọ̀dọ̀ Mùjíbátù àbúrò rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá ló ń kó wọn lọ.

Bàbá Josiah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, rí i lójú ọ̀nà.

“Ìyá Kaothar, ṣé ìyàwó lò ń sìn lọ ni?”

“Mò ń kó wọn pamọ́ sọ́dọ̀ Mùjíbátù ni, Bàbá Tíṣà.”

“Ta ló wá tú okùn dókítà?”

“Èmi ni. Àbí mo jí ẹran ẹlẹ́ran?”

“O ò jalè. Ṣùgbọ́n ẹran tí ìjọba bá sé mọ́lé nítorí àìsàn, òfin kò gbà kí ẹni tó ni ín pàápàá tú u sílẹ̀ láìgbàṣẹ. Ó lè gbé èèyàn dé ilé ẹjọ́. Owó ìtanràn ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n náà ń bẹ níbẹ̀.”

“Ẹ̀wọ̀n, nítorí ewúrẹ́ ara mi?”

“Nítorí ewúrẹ́ ẹlòmíràn ni. Mélòó ni Mùjíbátù ń sìn?”

“Mẹ́fà.” Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Kò sì ní lè kọ̀ fún ọ. Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n.”

Kí Hàjàrá tó fèsì, èyí tó sanra jù nínú àwọn mẹ́ta náà húkọ́, ikun imú rẹ̀ sì ta sí ìró Hàjàrá. Ewúrẹ́ yìí gan-an ló kọ́kọ́ ṣà, pé ara rẹ̀ ló dá jù.

Hàjàrá dá wọn padà, ó so okùn, ó sì fúnra rẹ̀ pe Fọlájìmí.

“Dókítà, mo tú okùn yín. Mo ti so ó padà. Wọn ò dé ibùdókọ̀.”

“Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́, Ìyá. Ẹ fọ ọwọ́ àti bàtà yín. Mò ń bọ̀ lọ́la.”

Ẹran márùn-ún ni àìsàn náà pa lápapọ̀, èyí tó sanra wà nínú wọn. Mẹ́fà yè. Ní Ẹgbẹ́dá, kò sí ẹran Mùjíbátù kankan tó húkọ́.

Ẹ̀yin ará, bí dókítà ẹran bá ní kí ẹran yín má jáde, ẹ má tú u, ẹ má tà á, ẹ má sì gbé e sílé ẹbí títí yóò fi fún yín láṣẹ. Bí ẹ bá ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, ẹ tètè sọ fún un. Ọlọ́run tó fi ẹran sí ìkáwọ́ wa ló fi aládùúgbò sí i pẹ̀lú.