Rodolphe Há Sínú Irọ́ Ara Rẹ̀ ní Ọ̀sán Jímọ̀

Ìwọ tó mú ìwé pélébé yìí lọ́wọ́, jọ̀ọ́, má tíì fi pọ́n ẹ̀pà. Kà á tán ná. Ọ̀rọ̀ Rodolphe ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní àdúgbò Zangouettin nílùú Ouaga.

Rodolphe lè purọ́! Ká ní wọ́n kó irọ́ rẹ̀ sórí ọkọ̀ akẹ́rù, gbogbo táyà rẹ̀ ni ì bá bẹ́ kó tó dé ìlú Bobo. Ta ló kọ́ ọ? Eré ìdíje kan lórí tẹlifísàn ni. Wọ́n á kó àwọn èèyàn sínú ilé kan, wọ́n á máa tan ara wọn jẹ. Ẹni tó bá dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, tó sì tà á lálẹ́, òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tó bá sọ òótọ́, wọ́n á lé e jáde. Rodolphe wo eré yìí títí ojú rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ di onígun mẹ́rin.

Ìyá rẹ̀ ní, "Eré lásán ni. Ó sàn ju kó máa rìn kiri lọ."

Hẹ̀n-ẹ́n! Eré lásán.

Àwọn méjì péré ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Alájì Jìbírílù: òun àti Marthe, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan tó jẹ́ onígbàgbọ́. Alájì fẹ́ ṣí ìsọ̀ kejì ní àdúgbò Koulouba, ọ̀kan nínú wọn ni yóò sì fi ṣe olórí ibẹ̀. Rodolphe ní, "Ìparí eré rè é. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jáde."

Ló bá sọ fún Alájì pé Marthe ń jí òwú. Marthe tí kò jí abẹ́rẹ́ rí!

Ìkọ́ wáyà lásán ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ onípáànù náà tí wọ́n bá ń lọ kírun Jímọ̀. Ní Jímọ̀ yìí, Marthe lọ jẹun nílé, ó fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Rodolphe sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́. Ó fẹ́ ki bazin, aṣọ olówó ńlá tí wọ́n rán fún ìyàwó kan, sínú báàgì Marthe, kó wá ti ìkọ́ náà ṣí láti inú, kó sì jáde.

Ó ti ki aṣọ náà dé ìdajì nígbà tó gbọ́: kọ̀ṣọ́!

Àgádágodo tuntun, tó tóbi bí orí màlúù! Nítorí olè tí Rodolphe fẹnu ara rẹ̀ dá sílẹ̀ ni Alájì ṣe rà á. Kọ́kọ́rọ́ sì ti bá Alájì lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Oṣù kẹrin ni. Ní Ouaga! Nínú páànù! Ooru ibẹ̀ lè se ẹ̀wà jinná láìsí iná. Rodolphe bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn.

"Tantie Aïcha, ẹ gbà mí! Mo há!"

Aïcha tó ń ta omi níwájú ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. "Barka, Rodolphe, o ṣeun. Lọ́jọ́ Ajé, iná ń jó ọ. Lánàá, ejò bù ọ́ jẹ. Lónìí, o há. Tọ̀la ńkọ́? Erin?" Ó gbé omi rẹ̀, ó kọjá sábẹ́ igi.

Rodolphe fi fóònù pe ìyá rẹ̀. "Maman, je te jure, mo búra, mo há sínú ìsọ̀!"

"D'accord, ó dáa, máa há lọ. Nígbà tó o ní moto gbá ọ, mo sáré débẹ̀ láìwọ bàtà, ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín." Ó pa fóònù.

Ó pariwo, kò sẹ́ni. Ó sunkún, kò sẹ́ni. Gbogbo irọ́ tó ti pa rí dúró yí i ká nínú òkùnkùn yẹn bí ògiri. Èémí rẹ̀ ń kúrú. Alájì ti pa fóònù tirẹ̀ nítorí ìrun; ẹnì kan ló kù tó lè pè.

"Marthe, mo há sínú ìsọ̀."

Marthe ní, "Mò ń bọ̀."

Láti ilé wọn ní àdúgbò Bilbalogo ló ti sáré. Ó dúró nínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí títí Alájì fi kírun tán, ó sì mú un wá.

Ilẹ̀kùn ṣí. Alájì ní, "Kí lò ń wá nínú ìsọ̀ mi?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Rodolphe, ó gbóná fẹlifẹli: pé olè lòun ń ṣọ́, kí ọ̀gá wo báàgì Marthe. Gbólóhùn kan péré, Koulouba di tirẹ̀!

Marthe na omi sí i. "Rọra mu ún."

"Kí ló dé tó o fi gbà mí gbọ́?"

"N kò gbà ọ́ gbọ́," Marthe dáhùn. "Mo rò pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n Jésù kò dúró kí n di olóòótọ́ kó tó wá mi wá."

Orúnkún Rodolphe kanlẹ̀. "Ọ̀gá, Marthe ò jí òwú. Irọ́ ni mo pa. Bazin tó wà nínú báàgì rẹ̀ yẹn, èmi ni mo fi síbẹ̀."

Alájì fa bazin náà yọ nínú báàgì, ó ní, "Máa lọ sílé. Mú ìyá rẹ wá lọ́la. Marthe ló ni Koulouba."

Ìta ti ṣí sílẹ̀, síbẹ̀ Rodolphe kò lè dìde. Ibẹ̀ ló ti gbàdúrà: "Jésù, mo ṣì há. Wá ṣí mi sílẹ̀." Ó sì ṣí i!

Títí dòní, bí Rodolphe bá ní òjò ń rọ̀, Aïcha á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta. Rodolphe ń fara dà á. Ṣùgbọ́n ó ń sùn bí ọmọ ọwọ́.

Ẹ̀yin òbí, eré tó ń fi ife-ẹ̀yẹ dá ẹlẹ́tàn lọ́lá kò yẹ ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ṣì rọ̀. Ẹ pa tẹlifísàn náà, kẹ́ ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀.

Ìwọ ọ̀dọ́ ńkọ́? Irọ́ wo ló ti tì ọ́ mọ́lé? Ẹnì kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́, ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Má wá àlàyé tí wàá ṣe fún un. Ṣáà sọ pé, "Jésù, mo há." Sọ ọ́ lónìí, kí ooru tó pa ọ́ mọ́bẹ̀.