Ilẹ̀kùn Tí Orrin Gbà Wọlé

Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, eyín mi ti ká, irọ́ kò sì wúlò fún mi mọ́. Kí n tún wá máa parọ́ mọ́ àbúrò mi, ẹni tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́? Mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi kí á fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la fi ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Leota Prather ni orúkọ mi. Ní ọdún 1947, iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Hollywood ni pé mo ń gé fíìmù. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo sinimá, ẹ rò pé bí wọ́n ṣe yà á náà lẹ ṣe ń wò ó. Rárá o. Ẹnì kan ló máa jókòó sínú yàrá tóóró kan pẹ̀lú àlùmọ́gàjí, tí yóò máa gé, tí yóò máa lẹ̀. Àwọn ọ̀gá wa máa ń pè é ní iṣẹ́ aránṣọ, kí wọ́n lè fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Orrin ni àbúrò mi ọkùnrin, ẹyọ kan ṣoṣo. Màlúù ló ń dà ní Bakersfield kó tó wá bá mi. Okùn ti gé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dànù lọ́jọ́ tó fẹ́ fi mú akọ màlúù kan, ó ku kùkùté. Èmi ni mo bá a wá iṣẹ́ sínú fíìmù àwọn darandaran tí à ń ṣe lọ́dún yẹn. Màmá wa kò fẹ́. Ó gbá ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Leota, ìwọ lo mú un lọ o. Ìwọ ni mo máa bi."

"Màmá, ẹ má yọnu. Bí mo bá ń padà bọ̀, èmi àti ẹ̀ la jọ ń bọ̀."

Ẹnu mi ló ti jáde.

Inú aṣálẹ̀ Mojave ni wọ́n kọ́ ìlú inú fíìmù náà sí. Ojú ilé nìkan ni. Pákó, ọ̀dà, fèrèsé, orúkọ ilé ọtí gàdàgbà lókè. Tí ẹ bá yí lọ sẹ́yìn, igi tí wọ́n fi tì í ló wà níbẹ̀, àti iyanrìn, àti òkè lọ́ọ̀ọ́kán. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú wa ṣe máa ń rí, ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rù wọn.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Strand, olùdarí fíìmù wa, fẹ́ ilẹ̀kùn gidi. Ó rán àwọn èèyàn lọ sí ìlú awakùsà kan lórí òkè, tí kò ti sí ẹ̀dá alààyè níbẹ̀ láti àádọ́ta ọdún. Wọ́n tú ilẹ̀kùn òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ wá. Pákó rẹ̀ nípọn, ó dúdú, ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣí i sì jẹ́ bàbà.

Pelkey, olórí àwọn káfíńtà, ló yẹ kó kàn án mọ́ ojú ilé ọtí. Arúgbó ni, tábà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó yí ilẹ̀kùn náà po, kò mú òòlù.

"Mi ò fẹ́ràn èyí."

"Kí ló ṣe é?" Strand bi í.

"Ilẹ̀kùn tí mo bá fọwọ́ ara mi ṣe, ó mọ̀ pé kò síbì kankan lẹ́yìn òun. Èyí ti ní yàrá tiẹ̀ rí, ọ̀gá."

Strand bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹ ti mutí láàárọ̀ yìí ni? Ẹ kàn án jàre."

Ó kàn án.

Ní ọjọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, ó kan Orrin. Mo ti wá láti Hollywood kí n lè wò ó. Ohun tó máa ṣe kò ju pé kó rìn kọjá lójú títì, kó ṣí ilẹ̀kùn ilé ọtí, kó wọlé, kó sì tì í. Ó dé akẹtẹ̀, ó so ìbọn mọ́dìí. Kó tó lọ, ó yọ́ wá sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gé mi dànù o. Torí tèmi ni Màmá ṣe máa lọ wo fíìmù yìí."

"Bó o bá fi lè rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ, màá gé ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Gbogbo wa dákẹ́. Orrin rìn kọjá. Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí pákó iwájú ilé ọtí. Kò, kò, kò. Ó di ọwọ́ bàbà náà mú. Ó wọlé. Ó tì í.

Strand kò tíì ní kí wọ́n dúró. Ó máa ń fẹ́ kí kámẹ́rà yí díẹ̀ sí i. À ń wo ilẹ̀kùn títì. Atẹ́gùn tó ti ń fẹ́ láti àárọ̀ dá wáí. Àwọn ẹṣin na etí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣì ń gbọ́ ìró bàtà Orrin. Kò, kò, kò. Lórí pákó. Ó ń jìnnà lọ. Iyanrìn ló sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, kò sí pákó kankan níbẹ̀.

"Ó tó!" Strand pariwo. "Orrin, ó dáa bẹ́ẹ̀. Jáde."

Kò jáde.

"Ó ti lọ tọ̀," ẹnì kan wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Orrin o! Ẹ̀wà ti ń tán lọ o!"

Mo sáré yí lọ sẹ́yìn. Pelkey jókòó sórí garawa kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Ó kọjú sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà gan-an.

"Orrin dà?"

"Ta ni?"

"Àbúrò mi! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibí jáde."

Ó mi orí. "Ọmọ mi, láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Ilẹ̀kùn yìí ò ṣí."

Mo fa ilẹ̀kùn náà. Ó ṣí wẹ́rẹ́, mo sì rí Strand àti gbogbo wọn tí wọ́n dúró lójú títì, tí wọ́n ń wò mí. Mo wo ilẹ̀. Kò sí ipasẹ̀ kankan lórí iyanrìn náà, àfi tèmi.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá a. Ọlọ́pàá àgbègbè náà wá, ó wò yíká, ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Omidan, ọkùnrin tó bá fẹ́ sá, á sá. Ẹ lọ wádìí, obìnrin ló wà nídìí ẹ̀." Mo ní aṣọ ẹ̀ ńkọ́? Bàtà ẹ̀ kejì ńkọ́, tó wà nínú àgọ́? Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n fẹ́ ya ìparí fíìmù náà, níbi tí ìlú ti jóná. Mo kúnlẹ̀ fún Strand nínú iyanrìn pé kó yọ ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ti ń pariwo lé òun lórí. Wọ́n dáná sun ún pẹ̀lú gbogbo ìyókù. Mo dúró wò ó títí ó fi di eérú. Kò wá sí ohun mìíràn tó kù mọ́, àfi fíìmù tí wọ́n ti yà.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó dé ọwọ́ mi. Mo ti ara mi mọ́ yàrá iṣẹ́, mo fi í sínú ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wò ó. Orrin rìn kọjá. Ó wọlé. Ó tì í. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn títì fún bíi ìṣẹ́jú kan. Mo wò ó tán, mo sunkún, mo dá a padà síbẹ̀rẹ̀.

Nígbà kẹta, mo gbọ́ kíkàn. Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn náà láti inú. Kò, kò, kò.

Mo dá ẹ̀rọ dúró. Mo fa fíìmù yọ, mo gbé e síwájú iná, mo wo àwòrán inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn títì ni gbogbo wọn. Mo tún yí i. Ó tún kàn.

Nígbà kẹwàá, ọwọ́ bàbà náà mì. Ní ọjọ́ kejì, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, bí ìbú igi ìṣáná. Kì í ṣe aṣálẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Òkùnkùn ni. Bí mo bá ṣe ń yí i tó ló ń ṣí tó, bí mo bá sì sinmi, ibi tí mo fi í sí náà ni mo máa bá a. Ó wá yé mi pé èmi ni mo ń ṣí i fún un. Mo pa oúnjẹ tì, kọfí nìkan ni mo ń mu. Ní ọjọ́ kẹrin, ìka mẹ́rin yọ létí ilẹ̀kùn náà, àti kùkùté àtàǹpàkò.

"Orrin," mo ní. "Máa bọ̀. Mo wà níbí."

Ohùn rẹ̀ jáde látinú ẹ̀rọ, ó rí tín-ín-rín. "Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ yára."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni Strand wá kanlẹ̀kùn. Mo ṣí fún un.

"Leota, níbo la bá iṣẹ́ dé? Fíìmù yìí ti gùn jù. Ibi tí Orrin ti tilẹ̀kùn yẹn, tó bá ti pa dé báyìí, gé e."

"Ọ̀gá, ẹ fún mi lọ́jọ́ méjì sí i."

"Kí lo fẹ́ fi ọjọ́ méjì wò lára ilẹ̀kùn?"

"Ẹ jókòó. Ẹ wá wò ó."

Mo yí i. Ọwọ́ Orrin yọ. Ilẹ̀kùn náà ṣí sí i, mo rí apá rẹ̀, mo rí etí akẹtẹ̀ rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. Strand gbá mi léjìká mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Ka ọwọ́ tó wà níbẹ̀," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo kà á. Ọwọ́ Orrin. Lókè rẹ̀, ọwọ́ mìíràn. Lókè ìyẹn, méjì. Nísàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, òmíràn wà níbẹ̀, ó kéré bíi tọmọdé. Gbogbo wọn ló di etí ilẹ̀kùn náà mú. Gbogbo wọn ló ń fà á kó ṣí.

"Gé e."

"Àbúrò mi ni!"

"Àwọn tó kù ńkọ́? Ta ni wọ́n? Leota, gé e kó tó ṣí tán!"

"Ẹ̀gbọ́n mi," ohùn inú ẹ̀rọ wí.

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé Strand ló gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo sọ fún àwọn kan rí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò rántí bí mo ṣe mú un. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gé e, níbi tí ilẹ̀kùn ti pa dé.

Ẹ̀rọ dákẹ́. Èyí tí mo gé ká jọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Strand ṣà á, ó gbé e jáde, kò wo ojú mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú mi wálẹ̀, mo sáré lọ bá a pé kó dá a padà fún mi. Ó ti sun ún. Ojúlówó fíìmù tí wọ́n fi ṣe àdàkọ tèmi, tó wà nílé ìfọfíìmù, wọ́n ti gé òun náà kó lè bá tèmi mu.

Mo mú Màmá lọ wo fíìmù náà ní Bakersfield. Ó rí Orrin tó ń rìn kọjá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rí i tó wọlé. Ó ń wò, ó ń retí. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó yíjú sí mi nínú òkùnkùn ibẹ̀.

"Leota, ìgbà wo ló máa jáde?"



Wọ́n ṣì máa ń fi fíìmù náà hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lọ́sàn-án Sátidé. Bí Orrin bá ti tilẹ̀kùn, ohun tó kàn ni obìnrin kan tó ń bu kọfí fún ọkọ rẹ̀. Èmi ni mo lẹ̀ wọ́n pọ̀, mi ò fi ìró kankan síbẹ̀ ju ohùn obìnrin yẹn lọ. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ohùn rẹ̀, ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn. Mo bi àwọn aládùúgbò, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo kà á, ó jẹ́ mẹ́tàlélógún. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó lọ yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kàn, kò sì dún dáadáa.

Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Mo dìde, mo ṣí ilẹ̀kùn ilé mi gbayawu, mo fi àga tì í kó má bàa pa dé. Aládùúgbò mi kọjá, ó ní, "Màmá, ẹ tilẹ̀kùn o, olè pọ̀." Mi ò tì í. Mo mọ̀ pé kì í ṣe Orrin nìkan ló máa gba ibẹ̀ wọlé. Kí gbogbo wọn máa bọ̀. Mi ò ní ka ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó ti di ọjọ́ mẹ́jọ báyìí. Kò tíì sí ẹni tó wọlé.